Igi Tó Tẹ̀ Sórí Ilé Ìyá

Agégi wó igi tó tẹ̀ sórí ilé ìyá rẹ̀, páànù kan ṣoṣo kò sì yẹ̀ lórí ilé náà.

Àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìjì ti fa gbòǹgbò igi náà tu lápá kan, ó wá fì sórí òrùlé bí ọ̀mùtí tó fẹ́ fara ti èèyàn. Wọ́n fi okùn dè é mọ́ kùkùté kan lódìkejì, ṣùgbọ́n okùn lásán kò lè gbé e dúró títí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣọ́ okùn, ó sì ti ń ṣàròyé láti ìgbà tó ti jí. Ó ní kí wọ́n gé igi náà láti òkè, ní ẹ̀ka-ẹ̀ka. Agégi bi í pé ta ni yóò gun igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti tu. Ó ní bóyá Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ni, ikùn yẹn á kúkú wúlò láti fi gbá igi mọ́ra.

"Ibi tí igi bá tẹ̀ sí ló ń wó sí," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò ní ẹ̀rọ ìgégi, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ṣọ́ okùn yín."

Ìyá wọn ló dá iṣẹ́ dúró. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí igi náà tẹ̀ sí gan-an, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ó ní òun kò jáde. Ìyá yìí kan náà ló sọ, nígbà tí Agégi kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ, pé òun kò bí ọmọbìnrin kó lọ máa jà pẹ̀lú igi. Agégi wọlé lọ bẹ̀ ẹ́.

"Bí mo bá jáde," ìyá ní, "gbogbo àdúgbò á ní èmi tí mo bí ọ kò fọkàn tán ọwọ́ rẹ. Lọ gé igi rẹ."

Ọ̀rọ̀ tí Agégi ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ọjọ́ tí kò fẹ́ ẹ ló sì dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí àwọn gbé màmá jáde tipátipá. Ó yẹ kí Agégi gbà. Kò gbà.

Ó la ẹnu sí ara igi náà, kì í ṣe níhà ibi tó tẹ̀ sí, bí kò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnu náà kọjú sí àlàfo tó wà láàárín ilé àti ọgbà. Ó bọ́ sẹ́yìn igi, ó ń gé bọ̀, kò gé e já. Ó dá ìwọ̀n díẹ̀ sí láàárín, èyí tó ń pè ní ìjánu, torí òun ló ń darí igi bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ó jẹ́ kó tín-ín-rín níhà ilé, ó jẹ́ kó nípọn níhà kejì, kí ibi tó nípọn lè fa igi kúrò lórí òrùlé. Ó wá ki èèkàn pẹlẹbẹ bọ ojú ibi tó gé, níhà ilé, ó ń fi òòlù gbá a wọlé. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń kúrò lórí àga. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fa okùn le bó ṣe ń dẹ̀.

Òfin Agégi kò ju ẹyọ kan lọ: bí igi bá ti mì, sá.

Igi mì. Ó sì gbọ́ ìró tí kò yẹ kó gbọ́. Ìjánu ń ya níhà tó nípọn. Ikán ti jẹ ẹ́ nínú. Bó bá ya tán kí igi tó kọjá etí òrùlé, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò balẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é pé kó sá. Agégi gbá èèkàn náà, ó tún gbá a, ó tún gbá a. Igi yí. Ewé rẹ̀ gbá páànù kọjá, ó sì balẹ̀ gbì sínú àlàfo náà, ó tọ́ bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìdí rẹ̀ ta sókè, ó bá Agégi léjìká ọ̀tún.

Ìyá jáde. Ó wo òrùlé, ó wo igi, ó ní, "Ọmọ mi ló ṣe é." Ìgbà náà ló rí ọmọ nílẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, Agégi mọ̀ pé ká ní ilé náà ṣófo ni, òun ì bá sá. Páànù ṣeé rà.

Eegun èjìká náà jinná, kò jinná tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ báyìí. Agégi á dúró tì í, á fi ọwọ́ òsì tọ́ka, ibi tó bá tọ́ka sí ni igi ń wó sí. Ọwọ́ ọ̀tún kò ga kọjá àyà mọ́.