Àṣẹ Tó Pa Orúkọ Igba Ọmọ Rẹ́

Nùrẹ́nì tẹ àṣẹ ls sórí kọ̀ǹpútà kó lè rí àwọn fáìlì. Kò sí ìkankan. Ó tún un tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ bí abọ́ tí ajá lá.

"Àdíját, fáìlì dà?"

"Èwo nínú wọn?" ni Àdíját, tí wọ́n jọ ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù náà, bi í.

"Gbogbo ẹ̀!"

Ní 1994 yẹn, ibẹ̀ nìkan ni orúkọ igba ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde nílé-ìwé Bàbá Ọdẹ́tọ́lá wà. Aago mẹ́rin ni ọ́fíìsì tó ń gba orúkọ ní Gowon Estate máa tì. Aago méjì ti lù ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Nùrẹ́nì ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ àṣẹ tó ń dá palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án, kóun lè ráyè kírun. Ìlà kìíní, cd: wọ fódà odetola, ibi tí àwọn ìwé Bàbá tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́ wà. Ìlà kejì, rm: pa gbogbo ohun tó o bá níbẹ̀ rẹ́.

"Fódà odetola ńkọ́?"

"Mo ti yí orúkọ ẹ̀ padà o. Bàbá rí i láàárọ̀, wọ́n ní ta ló ń pe àwọn bí ẹni pe ewúrẹ́. Mo bá sọ ọ́ di baba_odetola."

Nùrẹ́nì di orí mú. Kọ̀ǹpútà wá odetola, kò rí i, ó dúró síbi tí iṣẹ́ gidi wà, ó sì pa á rẹ́ láì bèèrè. Ẹ̀rọ tí ò mọ àgbà!

"Ká ní mo fi && sáàárín ìlà méjèèjì ni! Bí o ò bá wọlé, má fọwọ́ kan nǹkan kan. Àmì méjì péré, Àdíját!"

Bàbá Ọdẹ́tọ́lá yọjú. "Ìwé mi dà?"

Nùrẹ́nì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣàánú mi, sà. Ó ti parẹ́."

Bàbá ò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ pe àwọn ọmọ wá."

Kò pẹ́, ìlà àwọn ọmọ ti gùn dé títì. Nùrẹ́nì ń tẹ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọjọ́ ìbí ẹ?"

"Ìyá mi ní òjò rọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà."

"Òjò wo? Yéè, mo kú!"

Aago mẹ́ta ààbọ̀, orúkọ ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin péré ló wọ kọ̀ǹpútà. Bàbá fa ìwé yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sáré lọ sí Gowon Estate tòun ti agbádá.

Àwọn tó kù ò kúrò lórí ìlà. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, tí ọ́fíìsì ti tì, ọmọbìnrin kan sún mọ́ tábìlì.

"Èmi ló kàn, sà."

Nùrẹ́nì ò lè wojú ẹ̀.

"Orúkọ ẹ?" ló bi í, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ọmọ náà ṣe ń pè é.