Ṣírí Ìrẹsì Ìyàwó Ilé

Miṣa ò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ nígbà tí Ìyá Poṣu, ìyá ọkọ rẹ̀, ní kó lọ ṣa irúgbìn. Lórí òkè Ailao, obìnrin ló ń ṣa irúgbìn ìrẹsì kí dòjé tó wọ oko, ohun tí ìyàwó tuntun bá sì ṣà ni wọ́n fi ń mọ irú ilé tó ti wá. Bí Ìyá Poṣu bá dá apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, gbogbo abúlé ni yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà débi pé kò lè jẹun àárọ̀.

Ó ṣà á títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ṣírí tó ga, tó kún, tó pupa dáadáa nìkan ló ń já. Nígbà tó gbé apẹ̀rẹ̀ délé, àfi bíi pé ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn.

Ìyá Poṣu wò ó, ó mi orí. Obìnrin yìí le o, ẹni tó ń bá pẹ́pẹ́yẹ jà!

"Ìyá wa, ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa. Ó tiẹ̀ dáa jù. Bí àrùn bá mú ọ̀kan nínú ẹ̀, ó mú gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà kan ò wọjà, ọmọ mi. Padà lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń jẹun nínú ilé yìí, lọ já ṣírí tó jọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wá."

Miṣa rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Omi lé sí i lójú, àmọ́ ó padà sínú ẹrẹ̀ oko olómi náà, ẹja ń fara nù ún lẹ́sẹ̀. Láìpẹ́ ó rí ṣírí kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, síbẹ̀ tí kò ṣubú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀: Bàbá Poṣu, bàbá ọkọ rẹ̀, rèé! Níbi tí omi tútù ti ń ti inú igbó wọ oko, ó rí èyí tí kò tíì pọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pọ́n tán. Poṣu ọkọ rẹ̀ nìyẹn, tí kì í jí àfi kí oòrùn wọlé bá a. Ẹ̀kẹta nírùngbọ̀n, ó gún un lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rù, àmọ́ ó já a.

Nílé, ó tẹ́ wọn sórí ẹní.

"Èyí tó ń gún èèyàn yìí, ta ni?" ni Ìyá Poṣu bi í.

Miṣa wolẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ni."

Bàbá Poṣu rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ó jọ ọ́! Ẹyẹ gan-an ò jẹ́ sún mọ́ ọn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló sì ń kù sóko fún ẹ láti jẹ," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. Ó yíjú sí Miṣa. "Tìrẹ dà?"

"Tèmi kẹ̀? Kò sí nínú oko yín."

Ìyá Poṣu tú etí gèlè rẹ̀, ó yọ ṣírí kan tó dúdú kirikiri. Miṣa dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan irú ìrẹsì yìí ni ìyá rẹ̀ dì fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn aládùúgbò rí i, wọ́n ní ó jọ ìgbẹ́ eku, ìtìjú sì mú kó tì í sábẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ tó wá a tì, ó rò pé eku ti jẹ ẹ́ ni.

"Mo rí i nígbà tí mò ń gbálẹ̀. Mo gbìn ín sí igun oko lókè, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí ìjì dé, gbogbo tiwa tó wà níbẹ̀ sùn sílẹ̀, òun nìkan ló dúró."

Ó fi ṣírí dúdú náà sínú apẹ̀rẹ̀ kó tó kó àwọn yòókù lé e. Miṣa bú sẹ́kún.

"Kí ló dé? Gbogbo ẹni tó bá ń jẹun nínú ilé yìí ni mo wí. Àbí o kì í jẹun níbí ni?"