Ìpàdé Láti Yan Ọjọ́ Ìpàdé

Ọmọ ìyá kan náà ni Gbẹ́nàgbẹ́nà àti Akọ̀wé, iṣẹ́ pákó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́ igi, àbúrò wà ní ọ́fíìsì, ó ń gba iṣẹ́ wọlé. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Bí ọ̀kan bá sín, èkejì á gbọ́. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí Akọ̀wé ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi kàlẹ́ńdà orí fóònù pe èèyàn sí ìpàdé, kò fẹnu pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, fóònù á dún. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ kí ìyá wọn tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé, fóònù á dún. Á dún láti pè é, á dún láti rán an létí, á tún dún láti bi í bóyá ó ṣì rántí.

"Akọ̀wé, ṣé o ò lẹ́sẹ̀ ni? Dìde wá bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ètò ni mo ń tò. Ẹ ṣáà máa tẹ 'mo gbà'."

Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé e mì. Àgbà tó bá ń bínú sí gbogbo nǹkan kì í pẹ́ di ẹlẹ́yà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ti igi líle kan síwájú ẹ̀rọ ayùn nígbà tí fóònù gbọ̀n jìgìjìgì nínú àpò àyà rẹ̀. Ara rẹ̀ ta gìrì, ojú rẹ̀ kúrò lórí iṣẹ́. Ayùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ fò lọ sínú eruku pákó, ẹ̀jẹ̀ sì tú yàà sórí igi.

Ó pa ẹ̀rọ, ó fi ẹ̀wù wé ọwọ́, ó sì yọ fóònù wò. "Ẹ má gbàgbé: lọ́la, ìpàdé láti yan ọjọ́ tí a ó ṣèpàdé."

Ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí. Akọ̀wé kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì tẹ 'mo gbà'..."

Ẹ̀ṣẹ́ kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ró bí igi gbígbẹ tó kán, òun àti àga sì jọ balẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé kọ̀ǹpútà, ó là á mọ́ ògiri, ó gun àbúrò rẹ̀ láyà, ó sì fún un lọ́rùn. Akọ̀wé fi ọwọ́ táràrà nílẹ̀ títí ó fi kan òòlù. Ó fi gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níhà. Egungun kan ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kò tú. Ojú àbúrò ti ń yọ síta, ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ń kán sí i lẹ́nu.

Ìyá wọn tí ariwo gbé wá láti ẹ̀yìnkùlé ló gbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ní pákó lẹ́yìn títí pákó fi ṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kú ná! Ọmú kan náà lẹ mu!"

Ìgbà tí Gbẹ́nàgbẹ́nà tú ọwọ́ ni ìyá rí i pé ìka kan ti gé. "Ìka rẹ dà?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà yíjú sí ibi ẹ̀rọ. Màmá lọ kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tú eruku pákó, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, títí ó fi rí i.

Nínú ọkọ̀ aládùúgbò tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, Akọ̀wé tí ẹnu rẹ̀ kò pa dé mọ́ ló gbé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè, kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lára rẹ̀. Wọn kò wo ojú ara wọn. Dókítà kò rí ìka náà rán padà. Wáyà ni wọ́n fi so párì Akọ̀wé.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kò kábàámọ̀ kọ̀ǹpútà tó fọ́. Ìró párì yẹn ni kò jẹ́ kó gbádùn.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyá wọn ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin. Òun ò lè máa gbé níbi tí òun ti fọwọ́ wá ìka ọmọ òun nínú eruku. Àwọn méjèèjì ló gbé àpótí rẹ̀ dé títì, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbé e lọ.