Ẹsẹ̀ Hameedat Tó Wú

Nígbà náà, bàbá àwọn ọmọ mi ṣì wà láyé. Raliat tí a jọ ń rajà náà wà, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Hameedat, ìyàwó Kazeem ọmọ mi, wà. Ọdún 1996 ni. Kazeem ń ṣiṣẹ́ ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Àwa obìnrin mẹ́ta gba bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kan ní Al Baraha ní Dubai, à ń ra bàtà àti báàgì ní Deira tí a máa kó lọ sí Èkó.

Oyún Hameedat ti wọ oṣù keje. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ojú rẹ̀ náà wú.

"Ìyàwó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún o! Oúnjẹ Dubai ti ń bá ẹ lára mu." Raliat ló ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní bí èmi náà ṣe wú nìyẹn nígbà tí mo lóyún Kazeem.

Ní ọjọ́ Ajé, ó ní orí ń fọ́ òun, nǹkan sì ń tàn yinrinyinrin lójú òun. A yà sọ́dọ̀ ará Íńdíà tó ń ta oògùn. Ó so nǹkan mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ló bá ń mi orí. "Mama, hospital. Today, today!"

"Kí ló wí?"

Raliat ló gbọ́ òyìnbó. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mà. Ó ní ká lọ sí ọsibítù lónìí."

Mo pòṣé. "Ọmọ ọdún méjìlélógún? Àìsàn àgbà nìyẹn. Èmi ìyá ọkọ rẹ̀ ni mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kó lọ sùn jàre." Mo fún un ní hóró kan nínú oògùn tèmi.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a gbọ́ gbì. Ó ti já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ le bí igi, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

"Wárápá ni! Mọ́mì, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó máa ń ràn!" Raliat ti gun orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré nìyẹn, pé ẹnìkan kì í fara kan itọ́ oníwárápá. Orí Hameedat ń lu ilẹ̀, mo ń wò ó. Awakọ̀ ará Pakistan tó wà ní yàrá kejì ló sáré wọlé, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúró tì í títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀, ó wá gbé e, ó ní ká yára máa lọ. "Yalla, Mama, yalla!"

Ní ọsibítù, dókítà ní kì í ṣe wárápá rárá. Ó ní oyún ló mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ti fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ọmọ dáadáa mọ́, ó sì ti kan ọpọlọ ìyá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde. Ọmọ ti kú.

Kazeem dé láti Sharjah. "Mọ́mì, ta ló dúró tì í nígbà tó ń gbọ̀n?"

Raliat ń wo ilẹ̀.

Mo ní, "Kò sí nínú wa."



Mo jókòó ti Hameedat lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tún gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò lajú. Ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, Hameedat kú.