Àmì Pupa Lára Pátákó

Ẹsẹ̀ òsì obìnrin náà kì í sinmi. Bó bá jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, tó ń tú fáàfù tí àwọn òmùwẹ̀ fi ń mí lábẹ́ omi, ẹsẹ̀ náà á máa mì bí ẹni pé ó ní ibi tó ń lọ tí kò fẹ́ sọ fún ẹni tó ni ín. Nídìí oúnjẹ, ó ń mì. Lórí ibùsùn, ó ń mì lábẹ́ aṣọ ìbora, títí ọkọ rẹ̀ á fi ní, "Jọ̀wọ́, bá mi dá mọ́tò yẹn dúró." Ibì kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ náà ti ń dákẹ́: ìsàlẹ̀ omi, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, nígbà tó bá dá nìkan wà níbẹ̀.

Òkúta ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé bó bá wọ omi, ṣe ló ń rì láìjà, láìpariwo. Ibi iṣẹ́ náà jẹ́ kòtò ńlá tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan rí, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì kún nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Omi yìí jìn tó ọgọ́ta mítà. Ògiri òkúta yí i ká, ó ga ju ọkùnrin méjì lọ láti ojú omi dé òkè, ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: àkàbà irin tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ etí òkè.

Bàbá Pátákó ni olùṣọ́ ibẹ̀. Ó ti fi etí rẹ̀ òsì sílẹ̀ fún omi nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó bá gba apá ibẹ̀ wá, ẹ̀rín ló fi ń dá a lóhùn. Pátákó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ yìí wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Àmì irin pẹlẹbẹ ló kún ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òmùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú kan funfun, ojú kejì pupa. Bí ènìyàn bá ń wọ omi lọ, wọ́n á yí àmì rẹ̀ sí pupa. Bó bá jáde, wọ́n á dá a padà sí funfun. Òfin kan wà tí kò sí nínú ìwé kankan, àmọ́ tí gbogbo wọn mọ̀: ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ ara rẹ̀ yí àmì ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá a yí i, kí ó lè dájú pé ẹnì kan ń retí rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Bàbá á wo pátákó. Bí gbogbo rẹ̀ bá funfun, á fa àkàbà sókè, kí àwọn tó ń fo fẹ́ǹsì wọlé má baà lọ kó sómi.

Ní ọdún tó kọjá, Òkúta dá lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì yára jáde ju bó ti yẹ lọ. Afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ hó bí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣí lójijì. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nínú yàrá irin tí wọ́n fi ń wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn ní ọsíbítù, tí ọkọ rẹ̀ ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Télọ̀ ni ọkọ náà, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mì àfi bó bá wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò bú u, kò sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹbí.

"Má dá nìkan lọ síbẹ̀ mọ́," ló wí.

"Mo gbọ́, baálé mi."

"Mi ò ní kó o gbọ́. Ìlérí ni mo ní kó o ṣe."

Ó ṣèlérí. Oṣù mọ́kànlá ló fi pa ìlérí náà mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fi oṣù mọ́kànlá náà jà fitafita.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí òmùwẹ̀ kankan kò wá, Bàbá Pátákó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì.

"Òkúta, bí wọ́n bá so ẹsẹ̀ rẹ yìí mọ́ jẹnẹrétọ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò ríná lò."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí ti fáàfù rò."

"Fáàfù wo? Láti àárọ̀ ni ojú rẹ ti wà lára omi. Bó bá ń yún ọ, wí fún mi, n ó yí àmì rẹ. Àmọ́ n ó kọ́kọ́ pe télọ̀ kí ó wá jókòó tì wá."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mi ò lọ síbì kankan."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì wọnú yàrá ẹ̀rọ lọ láti rọ afẹ́fẹ́ sínú àwọn sìlíńdà. Gbàrà tí ariwo ẹ̀rọ náà sọ, Òkúta dìde. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó wọ aṣọ omi, ó gbé sìlíńdà méjì pọ̀n, ó sì mú ẹ̀kẹta dání. Nígbà tó dé iwájú pátákó, ó dúró díẹ̀. Àmì rẹ̀ funfun kalẹ̀. Bó bá ní kí Bàbá yí i, ọkọ rẹ̀ á gbọ́. Bó bá sì yí i fúnra rẹ̀, Bàbá á rí i. Agogo mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ni. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló fẹ́ lò nísàlẹ̀. Kí agogo mẹ́rin tó lù, á ti jáde, á ti gbẹ. Ó fi àmì náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó di okùn tó lọ sísàlẹ̀ mú. Ní mítà mẹ́fà, ó so sìlíńdà kẹta mọ́ ọn, èyí tí yóò fi mí nígbà tó bá ń bọ̀. Ní ogún mítà, àwọ̀ pupa tó wà lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti ṣá di eérú. Ní ogójì, òtútù ṣù bò ó, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Lórí ilẹ̀, gbogbo nǹkan ló ń bi í léèrè ọ̀rọ̀: fóònù, ìkòkò, ìyá ọkọ, fáàfù tó ń jò. Níhìn-ín, kò sí ẹni tó ń bi í ní nǹkan kan. Ìró èémí rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ó ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó ń sùn nínú yàrá kejì.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ láyé ìgbà tí wọ́n ń fọ́ òkúta ló wà nísàlẹ̀. Òkúta wọlé sí ìjókòó dẹ́rẹ́bà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọwọ́ ọkọ̀. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ọtí ọ̀fẹ́ ni àwọn òmùwẹ̀ ń pè é: bí omi bá jìn, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà a máa pa ènìyàn bí ọtí. Ó mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ kò dìde. Ó rò pé ó wo aago. Nígbà tó wò ó ní tòótọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ti lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà tó fi ṣeré yìí, gbèsè ńlá ni. Bó bá ń gòkè, ó gbọ́dọ̀ máa dúró lójú ọ̀nà kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìdúró náà ló sì ti gùn sí i. Nígbà tó fi dé mítà mẹ́fà, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti tán pátápátá. Ó fi ẹnu mọ́ fáàfù sìlíńdà kẹta, ó sì rọ̀ mọ́ okùn. Ibẹ̀ ni ọtí ọ̀fẹ́ ti dá lójú rẹ̀. Aago rẹ̀ ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n. Agogo mẹ́rin yóò lù nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, funfun sì ni àmì rẹ̀.

Kò lè sáré jáde. Yàrá irin ń dúró dè é, tàbí ohun tó burú jù ú lọ. Ó wà lórí okùn, ó sì gbójú sókè wo àkàbà tó ń dán nínú ìmọ́lẹ̀. Ní agogo mẹ́rin géérégé, àkàbà náà mì, ó sì gòkè lọ.

Agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ló tó yọrí síta. Ó ké, ó tún ké. Ohùn rẹ̀ ń yí ká inú òkúta, ó ń padà wá bá a. Ó jọ̀wọ́ àwọn irin tó pọ̀n, wọ́n rì, ó sì ki ìka méjì bọ ihò kékeré kan lára ògiri. Eyín rẹ̀ ń lù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbọ́ alùpùpù ọkọ rẹ̀, tó wá gbé e lọ sílé, lẹ́nu géètì, ó sì gbọ́ ohùn Bàbá Pátákó, tí kì í mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó ti lọ sílé! Wo pátákó! Funfun báláú!"

"Bàbá!" ni Òkúta ké. "Baálé mi o!" Alùpùpù bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ tó ń yí padà. Lójijì, ẹ́ńjìnnì náà kú.

"Bàbá," ni ohùn ọkọ rẹ̀ wí, "ṣé ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn lọ sílé ni? Sálúbàtà rẹ̀ nìyẹn lábẹ́ bẹ́ǹṣì."

Bí àkàbà ṣe já bọ́ sínú omi, díẹ̀ ló kù kí ó gbá a lórí.

Nígbà tó dé òkè, télọ̀ lọ bá a. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé e. Lẹ́yìn náà, ó lọ síwájú pátákó, ó yọ àmì Òkúta, ó ń yí i síwá sẹ́yìn lọ́wọ́.

"Nǹkan yìí ní o ti lọ sílé," ló wí. "Díẹ̀ ló kù kí n gbà á gbọ́."

Òkúta fa ẹ̀wù náà mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní í lọ mọ́."

"Má tún ṣèlérí fún mi. Láti òní lọ, bó o bá fẹ́ lọ, èmi ni n ó máa yí i."

"Ẹ̀yin tí omi inú báàfù ń bà lẹ́rù?"

"Mi ò wẹ̀. N ó jókòó ni."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí dókítà ti ní ara Òkúta dá, ọkọ rẹ̀ jókòó lóòótọ́. Ó gbé àga síwájú pátákó, ó gbé ṣòkòtò oníbàárà kan lé itan, ó ń fi abẹ́rẹ́ ká etí ṣòkòtò náà.

"Ẹ yí i," ni Òkúta wí.

Ó yí i sí pupa. Bí Òkúta ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ń mì, kò sì sí ẹ̀rọ ìránṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ó rì bí ó ti máa ń rì. Ogún mítà. Ọgbọ̀n. Ìsàlẹ̀ ń dúdú bọ̀, ó tutù, ó rẹwà, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dákẹ́. Àmọ́ nǹkan mìíràn ń lù lórí rẹ̀, tẹ́-tẹ́-tẹ́, kò sì jẹ́ kí ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ okùn fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ìsàlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pè wálé nídìí eré. Ó sì yí padà.

"Ṣé o débẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ìdajì ni mo dé."

"Kí ló dé? Ṣé fáàfù ni?"

"Ariwo ẹsẹ̀ yín ni mò ń gbọ́."

Télọ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni rí àlejò. Bàbá Pátákó, tí apá òsì ni ọ̀rọ̀ náà gbà wá bá a, rẹ́rìn-ín sí wọn. Télọ̀ nawọ́ sókè, ó yí àmì náà sí funfun, ó sì tún gbé abẹ́rẹ́.

Òkúta jókòó tì í kí ó lè parí ṣòkòtò náà. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà, kò ní kí ó dá mọ́tò kankan dúró.