Pańpẹ́ Tí Aránṣọ Fi Orin Dẹ

Aránṣọ náà kì í mọ ìgbà tí orin ń bọ́ lẹ́nu òun. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti ń sáré lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, orin á máa jáde bí òógùn ṣe ń jáde lára. Kò sẹ́ni tí èyí dùn mọ́ tó àbúrò ọkọ rẹ̀, adarí ẹgbẹ́ akọrin, ọkùnrin tí ìmúra rẹ̀ pọ̀ ju orin inú rẹ̀ lọ.

Adarí ti ra ètò kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Béèyàn bá kọrin sí i, á to dò-re-mí rẹ̀ sórí ìlà láìfo ẹyọ kan. Láti ìgbà náà ni ṣòkòtò adarí ti ń ya lemọ́lemọ́. Á gbé e wá fún aránṣọ, á jókòó díẹ̀, á sì dọ́gbọ́n gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Orin méjì ló ti kọ́ àwọn akọrin báyìí, orúkọ tirẹ̀ gàdàgbà lókè ìwé. Aránṣọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ó mọ orin ara rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ, àmọ́ kò mọ ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ adarí.

Nígbà kẹta tí adarí wá, tó sì dìde láti lọ, bí aránṣọ ṣe na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì, ó rí iná pupa kékeré fóònù adarí tó ń gba ohùn sílẹ̀, tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ àjákù aṣọ.

"Ṣé ẹ ò gbàgbé nǹkan, ọkọ mi?"

"Rárá o, ìyàwó wa. Mo fẹ́ ra omi nítòsí ibí, mò ń bọ̀."

Ó jáde. Aránṣọ ronú títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró lórí aṣọ. Lẹ́yìn náà ló pa ẹnu dé, ó fi imú kọ orin tuntun: re re, dò mí, dò mí, re, dò re. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ ọ́, kedere, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Ọjọ́ ìgbáradì pé, adarí pín ìwé. "Inú àdúrà ni orin yìí ti bá mi," ó ní. "N ò tíì fi ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi imú kọ ọ́."

Wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n tún un kọ, èjìká àwọn olóhùn tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bàbá kan tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, tó ti fi iṣẹ́ awakọ̀ ojú irin sílẹ̀, yọ awò ojú rẹ̀.

"Adarí, ọ̀rọ̀ mà wà nínú rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo? Dò-re-mí lásán ni."

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ́tí." Bàbá náà wá fi ohùn rẹ̀ tó jinlẹ̀ kọ ọ́ jáde: "Orin yìí kì í ṣe tèmi."

Ẹ̀rín da ilé rú. Adarí wo ìwé, ó wo aránṣọ. Aránṣọ ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù nínú àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, adarí kò mú ṣòkòtò dání, kọ̀ǹpútà ló gbé wá.

"Ìyàwó wa, ẹ dójú tì mí."

"Ohun tó wù mí ni mo kọ, ọkọ mi. Ta ló ní kí ẹ gbọ́?"

Adarí ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí àwọn orin náà. Aránṣọ fi eyín já òwú. "Tèmi lókè. Ẹ fi tiyín sísàlẹ̀, kí ẹ kọ 'ẹni tó yọ́ gbọ́ ọ' síwájú rẹ̀."

Wọ́n fà á títí, wọ́n sì parí rẹ̀ sí "ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀". Ibi tí adarí ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni aránṣọ ti sún àga mọ́ ọn. Ó ní kó fi han òun bí wọ́n ṣe ń pa ohùn kan rẹ́, torí ètò náà ti kọ sísín tí òun sín nígbà tí eruku wọ òun nímú mọ́ orin kejì, láti oṣù kan sì ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń bá òun sín in.