Iná Ìkìlọ̀ Ọkọ̀ Dhari

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ má bi mí pé ṣé iṣẹ́ ló rẹ̀ mí ni àbí ayé, èmi náà ò mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti ń ṣe réwáyà ní Shuwaikh, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, látìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, nínú ooru tó ń yọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ojú rẹ̀ á ti rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ojú mi ò rí irú iná tó wà nínú ọkọ̀ Dhari yẹn rí.

Ọkọ̀ eré sísá ni, pupa fòò, ó lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn ní láti tẹ̀ ba kó tó wọ̀ ọ́. Àmọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí Dhari fẹ́ gbé e jáde, iná ìkìlọ̀ aláwọ̀ ọsàn á tàn níwájú rẹ̀, ọkọ̀ náà á wá di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní yá. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: tí ọpọlọ ọkọ̀ bá fura pé nǹkan kan ò pé, á dín eré ara rẹ̀ kù kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Tó bá wá di Sátidé, Dhari ló máa ń kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù wa.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò sọ pé sẹ́nsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀, iná kú. Ọ̀sẹ̀ yí po, iná tàn. Mo tọ gbogbo wáyà rẹ̀ láti orí dé ìdí, mo họ ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀, mo tún pààrọ̀ sẹ́nsọ̀. Iná tún tàn. Ni Dhari bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ káàkiri pé ayédèrú la máa ń fi sọ́kọ̀ èèyàn.

Bàbá Nawwaf ló ni ṣọ́ọ̀bù. Òun náà ló dúró fún mi nínú ìwé ìgbélùú mi; tó bá yọwọ́, mo gbọ́dọ̀ kúrò nílùú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wahib, ṣé ojú ẹ ti ń fọ́ ni?"

"Ojú mi ò fọ́."

"Tí iná yẹn bá tún tàn, máa di ẹrù ẹ. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ àná bà mí lórúkọ jẹ́ nítorí ẹ."

Kí n di ẹrù lọ síbo? Homs? Ogun ti sọ ilé tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ di òkìtì òkúta. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ mi, abẹ́ ìwé tèmi ni gbogbo wọn wà. Inú bí mi gan-an, àmọ́ bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Mo ní ó dáa, ọ̀gá.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Dhari tún dé. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbé e lọ rí dókítà nítorí àtọ̀gbẹ. Ọkọ̀ ń wọ́ bọ̀ bí ìgbín.

"Ọ̀gá Wahib! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín! Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló ń yà mí sílẹ̀ lójú títì!"

"Dhari, àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn," ìyá rẹ̀ sọ.

"Àgbà tí ò mọṣẹ́ ńkọ́, Ìyá?"

Mo gbé e mì. Bàbá Nawwaf ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀.

Ìyá Barrak là ń pe ìyá yẹn. Barrak ni àkọ́bí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀nà aṣálẹ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti máa ń fọkọ̀ sáré ìdíje, ó sì kú. Wọn ò tíì sunkún rẹ̀ tán tí Dhari fi ra ọkọ̀ tiẹ̀, ọ̀nà yẹn kan náà ló sì ń gbé e lọ.

Wọ́n pèrun Àsárì, Dhari lọ sí mọ́ṣáláṣí òdìkejì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tẹ́lẹ̀, sẹ́nsọ̀ tí mo bá yọ, inú garawa ìdọ̀tí ló ń lọ, n kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ náà, ojú tì mí láti tún pààrọ̀ rẹ̀, ni mo bá yọ ọ́, mo gbé e sójú oòrùn. Nǹkan kan bí oje igi lẹ̀ mọ́ wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀. Mo gbé e símú. Kì í ṣe epo, kì í ṣe eruku. Tùràrí ni! Tùràrí olówó iyebíye, irú èyí tí wọ́n ń jó sábẹ́ aṣọ kí wọ́n tó lọ síbi ìgbéyàwó. Òórùn yẹn gan-an ló ń ti ara abaya Ìyá Barrak bọ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin ni?"

Kò jiyàn. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

"Orí ìjókòó ọkọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ń jó o, kí ojú burúkú aráyé má baà bá ọmọ mi. Dhari ní ó ń fọ́ òun lórí, pé n ò gbọ́dọ̀ gbé tùràrí wọnú ọkọ̀ òun mọ́. Ni mo bá ní kí dírẹ́bà ilé ṣí iwájú ọkọ̀, kó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Mo gbé ìkòkò tùràrí sí ibi tó ti ń mí. Wahib, ó fa èéfín náà bí ọmọ tó ń mu ọmú."

"Iná wá tàn."

"Iná tàn, kò lè sáré. Dhari bú ọkọ̀ títí, ó sì padà wálé wá bá mi jẹun." Ó fi ìbòrí nu ojú. "Látìgbà yẹn, tó bá ti sùn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo ti débẹ̀. Kì í ṣe tìtorí ojú aráyé mọ́."

"Háà! Ìyá, iná yìí ni wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ lé mi kúrò nílùú! Èmi àti ìyàwó àtọmọ!"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀." Ó gbójú sókè wò mí. "Ṣé àwọn ọmọ ẹ wà láàyè, gbogbo wọn?"

"Wọ́n wà."

"Ọ̀kan ló kù fún mi. Jọ̀ọ́, sọ pé ó kọjá agbára ẹ."

Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo wo Bàbá Nawwaf. Mo rántí àwọn ọmọ mi. Mo fọ sẹ́nsọ̀ náà, mo dá a padà, iná kú. Nígbà tí Dhari dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó wo ìyá rẹ̀ títí.

"Ìyá? Ẹ̀yin lẹ ń sọ mí di ẹlẹ́yà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi?"

"Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n ẹ..."

"Èmi kọ́ ni Barrak! Láti òní lọ, ọkọ̀ yìí ò ní sùn nílé mọ́. Dírẹ́bà á wá gbé yín lọ rí dókítà." Ó yíjú sí mi. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá Wahib. Mo sọ̀rọ̀ kọjá ààyè mi."

Ó wọnú ọkọ̀, ó gbéra. Òpópó mì tìtì. Bàbá Nawwaf gbá mi lẹ́yìn. "Kìnnìún mi! Ṣebí mo sọ pé o máa rí i!" Ó ní kí wọ́n lọ bu tíì wá fún mi.

Mo gbé tíì náà fún Ìyá Barrak níbi tó jókòó sí lórí àga rọ́bà. Kò gbà á. Ó tẹ́tí sí ojú títì, níbi tí ariwo ọkọ̀ náà ti ń dínkù lọ.

"Ṣé o ṣì ń gbọ́ ọ, Wahib?"

Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Mo ń gbọ́ ọ, Ìyá."